Irun Ajá Lórúnkún Ṣòkòtò Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, kó máa ṣà á lọ. Ẹni tó ń di irun, kó má dáwọ́ dúró. Ọwọ́ yín kọ́ ni mo fẹ́, etí yín ni. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì ní ọba tó sọnù sínú igbó. Ọkùnrin kan tó ń dá gbé ló wà nínú rẹ̀, àti ajá kan, àti alágbàfọ̀ kan. Mo sì ṣèlérí fún yín pé n kò ní bù mọ́ ọn ju bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń yí kiri nígboro Èkó, tí ẹni tí kò ní rédíò lánàá ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé lónìí, bàbá kan ń gbé ní Ìsọlọ̀, lápá Òkè-Àfà. Albert Olúbọ̀wálé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, láti inú ìlú Oǹdó gan-an. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóyìn, ló jọ kọ́ ilé náà, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n jọ gbé inú rẹ̀ kí ìyàwó náà tó kú. Ìyá Tóyìn ló mọ ènìyàn. Òun ló mọ ẹni tó bímọ ládùúgbò, òun ló mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sùn sílé. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà, òun ni wọ́n ń kí. Tíṣà á kàn mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbéraga. Ẹnu rẹ̀ ni kì í yá bí kò bá ti sí nínú kíláàsì. Nígbà tí ìyàwó lọ tán, ó wá hàn sí i pé gbogbo ìkíni tó ń wọ ilé náà, ti obìnrin yẹn ni.

Ohun mìíràn tún ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù olóògbé jọ, Tíṣà wá bùbá kan, kò rí i. Bùbá léèsì aláwọ̀ ewé ni, èyí tí Ìyá Tóyìn fẹ́ràn jù lọ. Ìbànújẹ́ ti dí i lójú, ló bá kọjú sí Ọmọ́wùmí, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo mú un." Ọmọ́wùmí kò bá a jà. Ó da àpò rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó gbọn ìró rẹ̀ wò fún un, ó kó ẹrù rẹ̀ padà, ó gba Oǹdó lọ. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí ará ilé ìyàwó rẹ̀ kankan tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.

Ẹni kan ṣoṣo tó kù tó ń kan ilẹ̀kùn náà ni Mùktárù alágbàfọ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òórùn ọṣẹ àti èédú kì í kúrò lára rẹ̀. Mọ́ńdè ló ń wá gba aṣọ, Tọ́ọ̀sìdeè ló ń dá a padà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀."

"Mẹ́fà ni, sà."

"Mẹ́fà ni."

Ó parí nìyẹn, di Tọ́ọ̀sìdeè. Àwọn alágbàfọ̀ ìgbà náà kì í kọ orúkọ sára aṣọ. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, tí wọ́n á fi tàdáwà tí kì í ṣí kọ sábẹ́ kọ́là tàbí sínú ìdí ṣòkòtò. Ti Tíṣà jẹ́ àgbélébùú kan pẹ̀lú òdo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún méje ni Mùktárù ti ń kọ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí, Tóyìn, wà ní Kàdúná lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó ní, "Bàbá mi, mo ń gbọ́ pé olè ti pọ̀ jù ní Èkó, ẹ̀yin nìkan lẹ sì wà nínú ilé. Ẹ ra ajá. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní ẹnìkan ń sin ajá Jámánì ní Ire-Akárí, ajá gidi tó ní ìwé ìran. Mo fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gbé ajákájá wọlé o."

Tíṣà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Olè kò bà á lẹ́rù. Kí ni olè fẹ́ gbé? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn, torí ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń bá rédíò sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní, "Ẹ káalẹ́ o," Tíṣà á ní, "Ẹ káalẹ́." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn, ojú tì í, ó pa rédíò.

Ọjọ́ tó lọ gba owó tí Tóyìn fi ránṣẹ́ ni òjò ká a mọ́ Mafolúkù, nítòsí éápọ́ọ̀tù. Ó sá sábẹ́ páànù kan, ló bá gbọ́ ariwo ajá lẹ́yìn ògiri.

Ọgbà tí ariwo náà ti wá, ti Babáṣọlá ni, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti bá dókítà ẹran ṣiṣẹ́ rí. Àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ wọn bá ti parí ní Nàìjíríà ni wọ́n ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ wọ bàálù. Wọ́n á fa okùn ajá lé e lọ́wọ́, wọ́n á fún un lówó oúnjẹ oṣù kan, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á lọ. Oṣù á pé, ajá á ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́, Babáṣọlá kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ajá mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́wàá ń gbó, wọ́n ń fò mọ́ wáyà. Ọ̀kan jókòó sí igun, ó kọjú sí géètì. Abo ni, kì í ṣe ọmọdé mọ́, funfun tó ní àbàwọ́n pupa, etí rẹ̀ òsì wó lulẹ̀. Bí mọ́tò bá dún lójú títì, á dìde. Bí mọ́tò náà bá kọjá, á tún jókòó.

Tíṣà dúró wò ó títí òjò fi dá. Ohun tí òun náà ń ṣe lójú fèrèsé nìyẹn, láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" ni ó béèrè.

"Òyìnbó tó fi í sílẹ̀ sọ ọ́ fún mi, mo ti gbàgbé," ni Babáṣọlá dá a lóhùn. "Màdáàmù ni mò ń pè é, torí kì í bá àwọn tó kù du oúnjẹ. Ó ti tó ọdún kan níbí. Gbogbo ẹni tó bá wá, ọmọ ajá ni wọ́n ń fẹ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tíṣà padà wá pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ó ń fi ọwọ́ bọ́ ajá náà. Sátidé mẹ́fà ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, Màdáàmù fi orí lé e lórúnkún, mọ́tò kan dún lójú títì, kò dìde. Tíṣà ní, "Mo fẹ́ mú un lọ sílé."

Inú Babáṣọlá dùn. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó lá ẹnu pẹ́ńsù. "Orúkọ yín?"

"Albert Olúbọ̀wálé."

"Ibi tí ẹ̀ ń gbé?"

"Ìsọlọ̀, lápá Òkè-Àfà."

"Ìlú yín?"

"Oǹdó."

Pẹ́ńsù dúró. "Oǹdó ti ìpínlẹ̀ ni, àbí Oǹdó gan-an?"

"Oǹdó gan-an."

"Yéè!" Babáṣọlá dìde lórí àpótí. "Tíṣà, ẹ ti pa mí! Sátidé mẹ́fà! Èmi rò pé ẹ̀ ń bá ajá ṣeré ni, àṣé ẹ̀ ń wò ó bóyá ó ti sanra!"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbàlagbà ni mí."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ìlú yín kan wá síbí. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ní ajá tí yóò máa ṣọ́lé lòun fẹ́. Mo fún un ní ajá dúdú kan báyìí. Lọ́jọ́ kẹta mo ní kí n yà kí wọn. Ìyàwó rẹ̀ ní, 'Ẹ káàbọ̀, bàbá, oúnjẹ ti délẹ̀, ẹ jókòó.'" Babáṣọlá mi orí. "N kò jókòó."

Tíṣà kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bínú.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa," ni Babáṣọlá ń bá a lọ. "Ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí?"

Irọ́ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi na ọmọ ní pàṣán nítorí irọ́. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ni ó sọ. "Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé àwọn olùkọ́, n kò fẹnu kàn án mọ́."

"Ó dùn?"

Tíṣà wo ilẹ̀. "Ó dùn."

Babáṣọlá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé olóòótọ́ ni yín, torí kò sẹ́ni tó máa sọ irú èyí tó bá fẹ́ jí ajá jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti búra lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ mú oníduró wá. Ẹnìkan péré, kó má ṣe jẹ́ ará Oǹdó, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, kó sọ lójú mi pé òun mọ̀ yín, pé kò séwu. Kó di Sátidé tó ń bọ̀ o. Onílé mi fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ yìí. Ajá tí kò bá rílé lọ kí oṣù tó parí, dókítà á wá gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jí mọ́."

"Ẹnìkan péré?"

"Ẹnìkan péré, Tíṣà. N kò sọ pé kí ẹ kó ogún èèyàn wá."

Babáṣọlá kọ "oníduró kan péré" sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, ó fi àyè ìfọwọ́sí sílẹ̀, ó fà á lé Tíṣà lọ́wọ́. Tíṣà ká a, ó tì í sápò ṣòkòtò kakí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú gbogbo èrò Èkó yìí, ẹnìkan péré.

Láti ibẹ̀ ló ti gba Òṣòdì lọ, sílé Adébánjọ tí wọ́n jọ ṣe tíṣà nílé-ìwé kan náà fún ọdún mọ́kànlá. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Adébánjọ? Háà, sà. Wọ́n ti sin wọ́n láti oṣù Kérésìmesì."

"Wọn ò sọ fún mi."

Obìnrin náà wò ó, àánú ṣe é. "Bóyá wọn ò mọ ibi tí ẹ̀ ń gbé ni, sà."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró de akọ̀wé ìjọ, ó ní òun ń wá oníduró. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá, ó ń fi ìka wá a kiri. "Olúbọ̀wálé... Olúbọ̀wálé... Háà! Ṣé ẹ̀yin lọkọ Ìyá Tóyìn? Ìyá dáadáa! Ta ni kò mọ Ìyá Tóyìn nínú ìjọ yìí? Bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n nílò oníduró, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló máa tẹ̀ lé wọn."

"Èmi ni mo nílò rẹ̀."

"Ẹ̀yin." Akọ̀wé rọra pa ìwé dé. "Pásítọ̀ tuntun la ní, sà. Wọn ò tíì mọ̀ yín lójú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá sí kíláàsì ọjọ́ Ọjọ́rú, tó bá fi máa di Àjíǹde..."

Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń rìn lọ sílé, ó ń ka àwọn ilé tó wà lọ́nà. Ilé mẹ́tàdínlógójì. Kò sí ọ̀kan tó lè kàn wọ̀ kó sọ pé, "Èmi ni."

Ní Mọ́ńdè, Mùktárù kan ilẹ̀kùn. "Mẹ́fà ni, sà." "Mẹ́fà ni." Kò tilẹ̀ wá sí Tíṣà lọ́kàn láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ nípa òun ju iye aṣọ lọ?

Ní Túsìdeè, ó wá fọ́ọ̀mù, kò rí i. Ó tú dúróọ̀, ó gbé ìrọ̀rí, ó yẹ inú Bíbélì wò. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ní ó ti yé òun: bóyá bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó kó owó Tóyìn, ó lọ sí Ire-Akárí.

Olúsànyà tó ń ta ajá Jámánì jẹ́ olówó tuntun. Sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ fi rí owó, kó tó fi ajá kún un. Yàrá àwọn ọmọ ajá rẹ̀ ní fáànù lókè àjà, rọ́bà wà nílẹ̀ tí wọ́n nù tó ń dán. Ó gbé ọmọ ajá kan lé Tíṣà lọ́wọ́.

"Ẹ wo nǹkan, bàbá! Jámánì ni bàbá èyí ti wá, Lọ́ńdọ̀nù ni ìyá rẹ̀. Ẹ wo ìwé rẹ̀. Èmi tí mo bímọ méje, kò sí èyí tó níwèé tó mọ́ tó báyìí nínú wọn!"

Tíṣà ka ìwé náà. Bàbá ajá wà níbẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, títí dé ìran kẹrin, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ó rántí ìka akọ̀wé ìjọ tó ń rìn kiri nínú ìwé ńlá. Ọmọ ajá náà sì ti sùn sí i lọ́wọ́, ara rẹ̀ gbóná, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ Tíṣà. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń wúwo.

"Ta ni kí n mú wá kó dúró fún mi?" ni ó béèrè.

"Dúró kẹ̀? Owó yín loníduró yín!"

"Ọmọ Oǹdó ni mí o."

Olúsànyà fi ẹ̀rín bú. "Bẹ́ ẹ bá lè fi irú owó yìí se ọbẹ̀, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí wá jẹun!" Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ. "Ohun kan ni kí ẹ fọkàn sí. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí àlejò wọlé yín. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa á lórí, kí ẹnikẹ́ni má bá a ṣeré. Ẹ̀yin nìkan ni kó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa burú dáadáa. Ṣé ẹ máa lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é," ni Tíṣà wí. "Kò ní ṣòro."

Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú èyí tó sùn sí òun lọ́wọ́ di Sátidé. Kò mọ ìdí tí òun kò fi sanwó lójú ẹsẹ̀. Olúsànyà kò béèrè orúkọ rẹ̀.

Ní Tọ́ọ̀sìdeè, Mùktárù dé, ṣùgbọ́n kò sọ pé mẹ́fà ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó ti lọ̀ wà lórí apá rẹ̀ kan, òmíràn tó fi ìwé ìròyìn wé wà lábíyá rẹ̀ kejì.

"Tíṣà, sà. Mo bá ìwé kan lápò kakí yín kí n tó kì í bọmi." Ó mú fọ́ọ̀mù náà jáde. Ó ti fi ayọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ pẹrẹsẹ bíi kọ́là. "Mi ò mọ ìwé yìí kà. Ìyàwó mi ló kà á fún mi. Mo ní ṣé ẹnìkan péré ni wọ́n ní kó mú wá? Ó ní ẹnìkan ni. Mo ní kí ló wá dé tí ibẹ̀ fi ṣófo? Ìyàwó mi ní, 'Bóyá kò mọ ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni.'"

Tíṣà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi máa bá yín lọ, sà."

"O ò mọ̀ mí, Mùktárù."

"Ọdún méje, sà! Kí lẹ tún fẹ́ kí n mọ̀?" Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí n tó lè dúró fún yín, ó ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ fà lé yín lọ́wọ́. Bí n kò bá fà á lé yín lọ́wọ́, èmi gan-an kì í ṣe ẹni tó yẹ kó dúró fún ẹnikẹ́ni."

Ó tú ìwé ìròyìn náà. Bùbá léèsì aláwọ̀ ewé ni, àgbélébùú àti òdo wà nínú ọrùn rẹ̀.

"Ìyá gbé e fún mi fọ̀ ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú. Mo mú un bọ̀ ní Tọ́ọ̀sìdeè, mo bá bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ẹkún, mo padà. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ náà, mo wo ojú yín, n kò lè mú un jáde. Ó di oṣù, ó di ọdún, ó wá dà bíi pé mo jí i. Gbogbo ìgbà òjò ni mò ń sá a, kó má bàa bu. Gbogbo ọdún iléyá ni mò ń tún un lọ̀."

Tíṣà jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ó gbé bùbá náà lé itan, kò tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé yóò rún. Ó ní, "Mo ní Ọmọ́wùmí ló jí i."

"Ta ni Ọmọ́wùmí, sà?"

Ọ̀rọ̀ kò tíì tó báyìí láàárín àwọn méjèèjì láti ọdún méje. Tíṣà sọ ẹni tí Ọmọ́wùmí jẹ́ fún un. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní kí Mùktárù wọlé wá mu omi. Mùktárù bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé láti ìgbà tí wọ́n ti sin òkú tán. Eruku dìde lára tìmùtìmù náà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Mafolúkù. Mùktárù wọ agbádá funfun tó lọ̀, tó mọ́ ṣáká.

"Ọmọ ibo ni yín?" ni Babáṣọlá béèrè.

"Ìlọrin."

"Ó dáa. Ìlọrin kì í jẹ ajá." Ó mú pẹ́ńsù. "Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Tíṣà."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń béèrè."

Mùktárù yíjú padà. Ó wo Tíṣà. Tíṣà fẹ́ sọ ọ́, Babáṣọlá gbọ́wọ́ sókè: "Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yin!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká fọ́ọ̀mù náà. Màdáàmù ń wò wọ́n láti igun rẹ̀.

"Ẹ dúró," ni Mùktárù wí. "Òótọ́ ni, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni mo mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fọ ẹfun kúrò lápá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjọ́ tí n kò rí ẹfun mọ́, mo mọ̀ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn méjì ni mò ń fọṣọ fún. Ọjọ́ kan, ti obìnrin dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, epo ọbẹ̀ wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, iná ń jó etí ọwọ́ rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń dáná. Kò tíì mú aṣọ aláṣọ rí kó má dá a padà. Kò gbàgbé ìwé lápò rí, àfi ọ̀sẹ̀ yìí." Ó na ìka sí orúnkún Tíṣà. "Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ àti irun funfun ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n kúrò lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Gbogbo Mọ́ńdè. Mo ń bi ìyàwó mi pé kí ni bàbá yìí ń kúnlẹ̀ tì? Òní ni mo tó rí i. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló ń kúnlẹ̀ fún ọbẹ̀?"

Babáṣọlá wo orúnkún Tíṣà. Ó wo ibi tí ilẹ̀ ti jìn kòtò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á; lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ fọwọ́ sí i," ni ó wí.

Mùktárù kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ìwé. Ó gba pẹ́ńsù, ó kọ àgbélébùú kan, ó kọ òdo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìrìn wọn padà sí Ìsọlọ̀ pẹ́. Bí mọ́tò kan bá ti dún, Màdáàmù á dúró, á wò ó títí á fi kọjá. Mọ́tò sì pọ̀ lọ́dún yẹn. Tíṣà kò fa okùn. Bó bá dúró, òun náà á dúró. Mùktárù ní iṣẹ́ ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́kọ́ lọ. Tíṣà àti ajá náà nìkan ló wọlé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ajá náà gbóòórùn gbogbo yàrá, kò rí ẹni tó ń wá. Ó padà sí pálọ̀, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tíṣà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, òun náà kọjú síbẹ̀. Rédíò ní ẹ káalẹ́ o. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ní Ire-Akárí, wọ́n ti ta ọmọ ajá náà fún ẹlòmíràn kí ọ̀sán ọjọ́ yẹn tó pọ́n. Tíṣà dá owó Tóyìn padà, ó sì kọ̀wé sí i pé òun ti rí ajá, pé ajá náà ní ìwé. Kò sọ irú ìwé tó jẹ́. Ó tún kọ lẹ́tà kejì, ojú ewé mẹ́rin, ó ká a sínú bùbá aláwọ̀ ewé náà, ó fi rán awakọ̀ kan sí Ọmọ́wùmí ní Oǹdó. Bóyá Ọmọ́wùmí fèsì, n kò mọ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì ní dá a sọ.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Mùktárù gba ẹrù, ó ní, "Mẹ́fà ni, sà," Tíṣà ní, "Méje ni." Nígbà tó tú u ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá ìbora kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀ tí irun funfun kún. Ó gbọ̀n ọ́n. Kó tó kì í bọmi, ó mú tàdáwà, ó kọ àgbélébùú àti òdo sí etí rẹ̀.

Ọládùnní ló rí i nígbà tó ń kọ ọ́. Òun ni ìyàwó Mùktárù, ẹni tó ka fọ́ọ̀mù náà fún un. Òun ló sọ ọ́ fún mi ní Ìsọlọ̀, lọ́jọ́ tí mo gbé aṣọ lọ bá wọn, tó béèrè pé àmì wo ni kí òun kọ sí tèmi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.